Ọ̀rọ̀ Olórísun Méjì: Àpẹẹrẹ láti Èbúté Àpápá

Ìbéèrè kan a máa yọ àwa olùdánwò lẹ́nu: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi àfòmọ́ Yorùbá mọ́ ọ̀rọ̀ àyálò, ṣé àṣìṣe ni? Ní 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èbúté Àpápá, wọ́ọ̀fù sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ará ibẹ̀ àti ti Ajégúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ti ibẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe owó tí a ń san lórí ẹrù tó bá gba orí èbúté kọjá ní wharfage. Mọ́fíìmù méjì ni ó ní. Èyí àkọ́kọ́, wharf, jẹ́ ti ìran èdè Jámáníìkì tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ̀ wá. Hwearf ni Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, werf ti àwọn ará Họ́láńdì sì bá a tan. Èyí èkejì, -age, ti inú Látìnì wá: -aticum ni ó di -age lẹ́nu àwọn Faransé, Gẹ̀ẹ́sì sì yá a lẹ́yìn ìṣẹ́gun àwọn Nọ́máànì ní 1066. Inú odindi ọ̀rọ̀ bíi passage ni ó bá wọlé kí ó tó máa fò mọ́ ọ̀rọ̀ onílé.

Ẹ wo tiwa:

(i) oní + mọ́tò → onímọ́tò
(ii) oní + àdúrà → aládùúrà
(iii) oní + èbúté → elébùúté
(iv) oní + wọ́ọ̀fù → oníwọ́ọ̀fù

Látìnì ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá mọ́tò kí a tó yá a. Láti inú Lárúbáwá ni àdúrà ti wá. Síbẹ̀, òfin kan náà ni ó de gbogbo wọn. Bí kọ́ńsónáǹtì bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, oní kì í yí padà. Bí fáwẹ́lì tí kì í ṣe /i/ bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, /n/ a di /l/, fáwẹ́lì àfòmọ́ a sì bá ti ọ̀rọ̀ náà dọ́gba.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì yá àfòmọ́ fún ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, ọ̀rọ̀ ni a yá, àfòmọ́ àti òfin rẹ̀ kò kúrò nílé.

Nítorí náà, bí ìbéèrè bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lo ọ̀rọ̀ àbínibí, elébùúté ni kí ó kọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ ni a ń dán wò, oníwọ́ọ̀fù gba máàkì. *Oníàdúrà ni kí a fagi lé, nítorí òun ni ó rú òfin.