Èjìká tó ń dùn yín: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á!

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń yan gàrí ní Ìrókò, ẹ̀yin káfíńtà àti ẹ̀yin akunlé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bí ọwọ́ bá ń dunni téèyàn bá nà án sókè, tí kò sì jẹ́ kéèyàn fi ẹ̀gbẹ́ náà sùn lóru, ẹ má sáré pè é ní làkúrègbé.

Iṣan mẹ́rin ló di orí egungun apá mú nínú èjìká. Iṣẹ́ àṣejù àti ọjọ́ orí a máa mú wọn gbó, bí okùn kànga ṣe ń gbó.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ dín ẹrù wúwo kù, ṣùgbọ́n ẹ má fi aṣọ so ọwọ́ kọ́rùn, kó má baà gan. Ẹ kọjú sógiri, kẹ́ ẹ máa fi ìka rìn gòkè díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bó bá rọ̀, ẹ máa gbé ike omi kékeré. Bí ìrora bá di ọjọ́ kejì, ẹ dín in kù. Ó lè gbà tó oṣù mẹ́ta. Ẹ ní sùúrù.

Bí kò bá lọ, ẹ gba Mọ́níyà wọ Ìbàdàn, kẹ́ ẹ rí àwọn físíò ní UCH. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ wọn níṣẹ́. Abẹ́rẹ́ dókítà a máa mú ìrora rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀, ìdárayá ló ń mú iṣan le.

Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ṣubú tọ́wọ́ ò gbéra mọ́, tàbí tí àyà ń dùn yín pẹ̀lú apá òsì, ọsibítù lọ́jọ́ náà o! Ọwọ́ ẹni la fi ń jẹun.