Irọ́ Tí Wọ́n Gbé Kọjá Lóru

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ṣé ìbọn nìkan ni wọ́n fi ń jagun ni? Ní oṣù keje ọdún 1944, wọ́n gbìyànjú láti pa Hitler, kò kú. Kíá, àwọn amí Amẹ́ríkà, OSS, tó fìdí kalẹ̀ sí Róòmù, kọ ìwé èké fún àwọn ọmọ ogun Jámánì tó wà ní Ítálì.

Ta ló máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn? Àwọn ọmọ Jámánì tí wọ́n ti kó lẹ́wọ̀n ogun ni o! Barbara Lauwers, tó gbọ́ èdè wọn, wà lára àwọn tó yan èyí tó kórìíra Hitler. Wọ́n dọ́gbọ́n kọjá sẹ́yìn ojú ogun, wọ́n fọ́n ìwé káàkiri. Bí àṣírí bá tú, ikú ni.

Ìwé kan ní Kesselring, ọ̀gágun wọn, ti fipò sílẹ̀. Kesselring fúnra rẹ̀ ní láti jáde sọ pé òun kọ́ ló kọ ọ́.