Kí ló wà lẹ́yìn oúnjẹ àti wáìnì àwọn ìlú orí òkè Ítálì?

Ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya tó ń lọ sinmi ní àárín gbùngbùn Ítálì máa ń gbà. Wọ́n á háyà mọ́tò ní Florence tàbí Róòmù, wọ́n á kọrí sí gúúsù Siena, wọ́n á gun òkè kan, wọ́n á sọ̀, wọ́n á tún gun òmíràn: Montalcino, Pienza, Montepulciano, títí dé Orvieto. Ní ìlú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á jẹun, wọ́n á tọ́ wáìnì wò, wọ́n á ra wàràkàṣì dání. Oúnjẹ náà dùn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń jẹ ẹ́ mọ bó ṣe dé orí tábìlì, nítorí oúnjẹ tálákà àná ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà lówó gọbọi lórí òkè wọ̀nyí lónìí.

Ogun àti ibà ló gbé wọn gun òkè

Orí àpáta pẹrẹsẹ kan ni Orvieto wà. Eérú òkè oníná ayé àtijọ́ ló dì di àpáta náà, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dúró ṣánṣán bí ògiri. Àwọn ará Etruria ti tẹ̀dó síbẹ̀ kí Róòmù tó di alágbára. Nígbà tí ọmọ ogun kó Róòmù ní 1527, Orvieto ni Póòpù Clement Keje sá lọ. Ẹ̀rù ń bà á pé bí ọ̀tá bá dó ti ìlú náà, omi lè tán mọ́ wọn lọ́wọ́, ló bá pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́ kànga. Antonio da Sangallo ló ya àwòrán rẹ̀, ọdún 1537 ni iṣẹ́ sì parí. Àtẹ̀gùn méjì ló yí kànga náà po, ìkọ̀ọ̀kan ní ìgbésẹ̀ 248. Ìbaaka tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn omi kì í pàdé èyí tó ń gbé omi bọ̀. Àlejò lè sọ̀ débẹ̀ títí di òní.

Àpáta yẹn rọ̀ láti gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn aráàlú fi gbẹ́ ihò tó lé ní 1,000 sábẹ́ ilé wọn láti ìran dé ìran. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fún òróró ólífì, tí wọ́n ń sin ẹyẹlé, tí wọ́n sì ń tọ́jú wáìnì funfun tí ìlú náà fi lókìkí, nítorí ihò náà tutù tọdún tọdún.

Ogun nìkan kọ́ ló lé èèyàn sókè. Irà ló wà ní àfonífojì Chiana àti ní ilẹ̀ Maremma lápá òkun, ẹ̀fọn pọ̀ níbẹ̀, ibà sì ń pa èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ dàgbà a máa kọ́lé sókè. Ìgbà tí wọ́n fa omi irà wọ̀nyẹn gbẹ ni ìsàlẹ̀ tó di ibi tó ṣeé gbé.

Montalcino àti ọtí tí kò gbọdọ̀ kánjú

Bí tọkọtaya kan bá ní àyè fún ìlú kan ṣoṣo, Montalcino ni mo máa ní kí wọ́n lọ. Àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó 6,000, ìlú náà sì fi ohun tó lé ní mítà 500 ga ju ìpele òkun lọ. Nígbà tí Siena ṣubú sọ́wọ́ ọmọ ogun Ọba Charles Karùn-ún àti ti Florence ní 1555, àwọn tó kọ̀ láti túúbá sá wá síbẹ̀, wọ́n sì ń dá ìjọba ara wọn ṣe títí di 1559. Ilé olódi ìlú náà, tí wọ́n kọ́ ní 1361, ṣì wà ní ìdúró, inú rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ta wáìnì fún àlejò báyìí.

Wáìnì aládùn kan tó ń jẹ́ Moscadello ni Montalcino fi lókìkí tẹ́lẹ̀. Ní ti pupa, àwọn àgbẹ̀ a máa po oríṣiríṣi àjàrà pọ̀, wọ́n á sì tètè mu ún. Clemente Santi ló bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tí àjàrà Sangiovese lè dá ṣe. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Ferruccio Biondi Santi, ṣa irú èyí tó dára jù nínú oko wọn, ó sì fi í sínú àgbá igi ńláńlá fún ọdún púpọ̀. Ìkórè 1888 ni wọ́n kà sí Brunello àkọ́kọ́.

Lónìí, òfin ló ń ṣọ́ ọtí náà. Ítálì fún un ní ipò tí wọ́n ń pè ní DOC ní 1966, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ipò tó ga jù, DOCG, ní 1980. Sangiovese nìkan ni wọ́n gbọdọ̀ fi ṣe é, oko tó wà ní agbègbè Montalcino nìkan ni àjàrà rẹ̀ sì gbọdọ̀ ti wá. Ó kéré tán, yóò lo ọdún méjì nínú àgbá igi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á kí ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún karùn-ún lẹ́yìn ọdún ìkórè tó pé. Ìkórè 2020 kò dé ọjà títí di oṣù Kìíní 2025. Àwa tí a mọ ẹmu ọ̀pẹ, tó jẹ́ pé èyí tí wọ́n dá láàárọ̀ ti kan kó tó di ọjọ́ kejì, ó lè yà wá lẹ́nu pé ọtí kan wà tí òfin ní kó dúró tó bẹ́ẹ̀.

Ìdúró náà ní ìdí. Èèpo àjàrà Sangiovese ní ohun kan tó máa ń fún ẹnu pọ̀, omi rẹ̀ sì kan dáadáa. Afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ tó ń gba ara igi wọ inú àgbá ló ń mú kí líle yẹn rọ̀. Òkè náà sì ń ṣe tirẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ń fi ṣúgà sínú èso, òtútù alẹ́ kì í sì í jẹ́ kí kíkan rẹ̀ tán. Monte Amiata, òkè oníná tó ti kú, tó ga ní mítà 1,738, dúró sí ìhà gúúsù, ó ń gba ìjì sí ara rẹ̀. Bí ayé ṣe ń móoru sí i, oko tó wà lókè àti èyí tó kọjú sí àríwá, tí wọn kì í fẹ́ tẹ́lẹ̀, ti wá di èyí tí wọ́n ń wá.

Báwo wá ni àgbẹ̀ ṣe ń rówó ná ní gbogbo àkókò yẹn? Rosso di Montalcino ni: àjàrà kan náà, ilẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n lè tà á ní bí ọdún kan lẹ́yìn ìkórè. Ó dín lówó gan-an. Mi ò rí ìdí tí tọkọtaya tó ń jẹun ọ̀sán fi gbọdọ̀ ra Brunello nígbà tí Rosso wà.

Ní 2008, ìjọba ṣe ìwádìí lórí ẹ̀sùn pé àwọn kan ń po àjàrà mìíràn mọ́ Brunello. Àwọn tó ń ṣe é pé jọ, wọ́n dìbò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ní Sangiovese nìkan náà ni kó máa jẹ́. Ìpinnu tó dára ni, lójú tèmi. Bí wọ́n bá ti gba àdàlù láyè, kò sí ohun tí wọ́n ń tà mọ́ tí ìlú mìíràn kò lè tà.

Ìdajì fún onílẹ̀

Láti ìgbà pípẹ́ ni àgbẹ̀ agbègbè yìí ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ètò mezzadria. Onílẹ̀ á fún ìdílé kan ní ilé àti oko, ìdílé náà á ṣiṣẹ́, ìdajì ìkórè á sì di ti onílẹ̀. Oúnjẹ tó jáde látinú ayé yẹn ni àlejò ń jẹ. Pici, tó rí gbọ̀ọ̀rọ̀ tó sì ki, ìyẹ̀fun àti omi ni wọ́n fi ń pò ó, lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ẹyin. Ribollita jẹ́ búrẹ́dì tó ti gbẹ, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, tí wọ́n tún gbé kaná lọ́jọ́ kejì. Kò sí iyọ̀ nínú búrẹ́dì wọn. Ẹ fi òróró ólífì jẹ ẹ́, ẹ ó rí i pé kò nílò iyọ̀.

Láàárín 1950 sí 1970, àwọn ọ̀dọ́ kó lọ sí ilé iṣẹ́ ńláńlá ní ìlú, oko sì ṣófo. Òfin ọdún 1964 ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe àdéhùn mezzadria tuntun mọ́. Àwọn darandaran láti erékùṣù Sardinia ló wá gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ tó ṣófo náà, wọ́n kó àgùntàn wọn dání. Wàràkàṣì àgùntàn ti wà ní Pienza tipẹ́, ṣùgbọ́n láìsí àwọn àjèjì wọ̀nyí, kì bá tí rí bó ṣe rí lónìí. Ó dùn mí pé Póòpù Pius Kejì, tí wọ́n bí síbẹ̀, tó sì tún ìlú náà kọ́ láti 1459, ni gbogbo ìwé ìrìn-àjò ń ròyìn, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ àwọn darandaran náà.

Ní 1985, òfin mìíràn fún àgbẹ̀ láyè láti máa gba àlejò sùn nínú oko, kí iṣẹ́ oko sì jẹ́ olórí iṣẹ́ rẹ̀. Ilé tí àwọn ìdílé mezzadria fi sílẹ̀ ni tọkọtaya ń sùn báyìí. Owó yẹn ló ń jẹ́ kí ẹlòmíràn lè dúró ti ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ

Oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá ni wọ́n ń kórè àjàrà, òróró ólífì tuntun sì máa ń dé ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí èrò ti dín kù. Ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù Kẹjọ, àwọn àdúgbò mẹ́jọ Montepulciano máa ń bá ara wọn díje, wọ́n á máa yí àgbá wáìnì tó wúwo tó kìlógíráàmù 80 gun òkè. Wáìnì Nobile ni ti ìlú yìí, Sangiovese ni wọ́n fi ń ṣe é jù. Kò bá wáìnì Montepulciano d'Abruzzo tan, agbègbè mìíràn ni ìyẹn ti wá.

Òfin Ítálì kò gba kí ọtí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kọjá gíráàmù 0.5 nínú lítà kan, nítorí náà kí ẹnì kan nínú yín máa wakọ̀, kí ẹnì kejì máa tọ́ ọtí wò, kí ẹ sì gba ipò ara yín lọ́jọ́ kejì. Ẹ páàkì sí ìta odi ìlú, nítorí kámẹ́rà ń ṣọ́ ẹnubodè ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú wọ̀nyí, bí ẹ bá sì wakọ̀ wọlé láìgba àṣẹ, ìwé owó ìtanràn á bá yín délé.