Àlàyé lórí Pípèsè Kóòdù Ìjẹ́rìí Onípele Méjì láti Ojú Ìlà Àṣẹ Kọ̀ǹpútà

Ìfáàrà

Orí kọ̀ǹpútà ni máàkì akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ wà lóde òní. Ẹni tí ó bá jí ọ̀rọ̀ aṣínà olùkọ́ kan lè yí máàkì gbogbo kíláàsì padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè ẹ̀rí kejì, èyí tí í ṣe kóòdù oní-fígọ̀ mẹ́fà tí kì í pẹ́ kí ó tó di aláìwúlò. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù nìkan ni ó lè gbé e wá. Ṣùgbọ́n bí nẹ́tíwọọ̀kì fóònù bá kọṣẹ́ fún olùkọ́ tí ó wà ní Ìlógbò-Èkìtì, àtẹ̀jíṣẹ́ kò ní dé. Bí síìmù rẹ̀ bá sì bọ́ sọ́wọ́ olè, olè ni yóò gba kóòdù náà. Iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn pé kọ̀ǹpútà olùkọ́ fúnra rẹ̀ lè ṣírò kóòdù yìí.

Bí kóòdù náà ṣe ń wáyé

A lè fi àrokò ṣe àpèjúwe. Láyé àtijọ́, ẹni tí a fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí, tí ó sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀, yóò mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fà sí òun. Lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, owó lásán ni. Ìmọ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ní ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà. Bákan náà, lọ́jọ́ tí a bá forúkọ sílẹ̀, ìkànnì yóò fún wa ní àṣírí kan, yóò sì pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, àwa àti ìkànnì yóò máa fi àṣírí kan náà àti àkókò kan náà ṣe ìṣirò kan náà.

Ìlànà ìṣirò yìí wà nínú ìwé méjì tí IETF gbé jáde, RFC 4226 ní ọdún 2005 àti RFC 6238 ní ọdún 2011. A ó ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ó ti kọjá láti ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì 1970, a ó fi 30 pín in, a ó sì mú odidi tí ó jáde. Ìlànà HMAC-SHA-1 ni a ó fi po odidi yìí pọ̀ mọ́ àṣírí, a ó sì yọ fígọ̀ mẹ́fà nínú èsì rẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, bí àṣírí bá jẹ́ 12345678901234567890, tí ìṣẹ́jú-àáyá sì jẹ́ 59, odidi tí ó jáde ni 1, kóòdù sì ni 287082.

Ìlò rẹ̀

Lórí Linux, oathtool ni ètò tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àṣẹ tí a ó tẹ̀ nìyí, kí a sì fi àṣírí tiwa rọ́pò ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn:

oathtool --totp -b ASIRI

Kóòdù yóò jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìlo nẹ́tíwọọ̀kì rárá. Síbẹ̀, ohun mẹ́ta gba ìṣọ́ra. Èkíní ni aago. Kọ̀ǹpútà tí bátìrì aago inú rẹ̀ ti kú máa ń gbàgbé ọjọ́ bí iná bá lọ, kóòdù rẹ̀ kò sì ní bá ti ìkànnì mu. Èkejì ni pé ojú ìlà àṣẹ a máa tọ́jú àṣẹ tí a bá tẹ̀, àti àṣírí inú rẹ̀. Ó sàn kí a pa àṣírí mọ́ sínú fáìlì tí a fi gpg tì, kí a sì tẹ:

gpg -d asiri.gpg | oathtool --totp -b -

Ẹ̀kẹta ni pé bí ọ̀rọ̀ aṣínà àti àṣírí bá jọ wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà, ẹ̀rí méjì ti di ẹyọ kan lọ́wọ́ ẹni tí ó bá jí i gbé.

Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé ìṣirò ni kóòdù yìí, àti pé àṣírí àjọní ni gbòǹgbò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní àṣírí náà lè ṣírò kóòdù nígbàkúùgbà. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó ń ṣọ́ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ àṣírí yìí bí ó ti ń ṣọ́ ìbéèrè ìdánwò.