Ọ̀pá irin tí kò pé kílò: ẹ̀kọ́ láti ilé iṣẹ́ irin fún àwa ará Pira

Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá títì ní Pira yóò rí àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń ti Kútọnu bọ̀, tí wọ́n kó irin àti sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n ń lọ sí Bassila àti Djougou. Díẹ̀ nínú ẹrù náà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Òun la fi ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwé àti ibi tí a ń kó kaajú sí. Ṣùgbọ́n ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò ká tó lò ó?

Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin, ìdánwò ló ṣíwájú. Wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ ihò jíjìn, wọ́n á bu iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, nítorí ẹ̀rọ tó ń tẹ irin wúwo, ó sì ń mi ilẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí ilẹ̀ bá rì lápá kan, ẹ̀rọ á wọ́, irin tó ń tẹ̀ kò sì ní gún mọ́.

Ó kan kọnkéré. Wọ́n á bu díẹ̀ sínú agolo gíga, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú omi, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ fọ́ ní ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28 kí wọ́n lè mọ agbára rẹ̀. Omi àpọ̀jù ló sábà máa ń bà á jẹ́. Wọ́n á fa ọ̀pá irin títí yóò fi já, wọ́n á tẹ òmíràn bóyá yóò sán. Ojú ibi tí àwọn jórinjórin jó pọ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ wò ó bóyá ihò wà nínú rẹ̀. Bíríkì inú iná ìléru náà, wọ́n á dán an wò, torí irin kì í yọ́ àfi bí ooru bá tó nǹkan bí 1,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ẹ wo Ajaokuta ní Nàìjíríà. Ọdún 1980 ni Ààrẹ Shehu Shagari fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, àwọn ará Soviet ló ń kọ́ ọ. Títí di òní, iná ìléru ńlá rẹ̀ kò tíì yọ́ irin. Ẹni tó bá fẹ́ tan án báyìí gbọ́dọ̀ tún páìpù, wáyà àti bíríkì yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ohun tó ti jókòó bẹ́ẹ̀ pẹ́ kò ṣeé fọkàn tán.

Ní Ìkòyí, l'Ékòó, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 2021. Ẹ̀mí tó lé ní 40 ló bá a lọ.

A kò ní yàrá ìdánwò ní Pira, ṣùgbọ́n a ní ìwọ̀n tí a fi ń wọn kaajú. Ọ̀pá irin tó gùn ní mítà 12, bí ó bá jẹ́ mílímítà 8, kílò 4.7 ló yẹ kó wọ̀n. Mílímítà 10 jẹ́ kílò 7.4. Mílímítà 12 jẹ́ kílò 10.7. Ẹ di ọ̀pá 10 pọ̀, kí ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Bí ó bá fi díẹ̀ dín, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá 12 mẹ́wàá bá wọn kílò 90 dípò 107, irin tí ẹ sanwó rẹ̀ kọ́ ni wọ́n gbé fún yín. ANM ni àjọ ìjọba Bẹ̀nẹ̀ tó ń bójú tó òṣùwọ̀n àti ojúlówó ọjà.

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ẹ wọn irin níṣojú oníbàárà. Ẹ̀yin tó ń kọ́lé, ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà da omi sí kọnkéré torí kó lè rọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kì í ṣe àìfọkàntánni. Bí a ò bá wọn kaajú, ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní tà á. Èwo wá ni ti irin tí yóò gbé òrùlé dúró lórí ọmọ wa?