Ọ̀nà àárín kì í ṣe ti oníwàdùwàdù: Bí ọmọ Àwóyè ṣe lè fi fóònù ta géèmù akọni kó sì yege

Ẹni tó bá fẹ́ dé Àwóyè, létí òkun ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ojú omi ni yóò gbà. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ lójú omi bẹ́ẹ̀ mọ̀ dáadáa pé àárín gbùngbùn odò ni ọkọ̀ ti ń sáré jù, nítorí kò sí ìtàkùn tàbí èpò tí yóò dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n tún mọ̀ pé ibẹ̀ náà ni gbogbo ojú ti ń rí ọkọ̀, tí ìgbì sì lè kọlù ú láti ọ̀tún àti láti òsì. Ọmọ Àwóyè tó bá ti lóye èyí ti mọ ìdajì ohun tó yẹ kó mọ̀ nípa géèmù kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń ta káàkiri àgbáyé, àgàgà nípa ipò tó le jù nínú rẹ̀, ìyẹn ipò akọni tó ń ṣọ́ ọ̀nà àárín.

MOBA ni wọ́n ń pe irú géèmù yìí. Ọ̀pọ̀ òbí mọ bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ, FIFA àti PES, tí àwọn ọmọ máa ń sanwó gbá, wọ́n sì rò pé bákan náà ni gbogbo géèmù rí: kí ọmọ ṣáà máa tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀tọ̀ ni èyí. Ní ọdún 2003 ni ẹnì kan tó ń jẹ́ Eul lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbé Defense of the Ancients jáde, èyí tó ṣe sínú géèmù ogun kan tó ti wà tẹ́lẹ̀, Warcraft III. Láti ara ìyẹn ni àwọn tó lókìkí lónìí ti jáde: League of Legends ní ọdún 2009, Dota 2 ní ọdún 2013, àti Mobile Legends: Bang Bang tí ilé iṣẹ́ Moonton ṣe fún fóònù ní ọdún 2016. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín, nítorí ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà náà lè ta á.

Bí wọ́n ṣe ń ta á kò ṣòroó ṣàlàyé. Èèyàn márùn-ún ni yóò dojú kọ èèyàn márùn-ún, kálukú pẹ̀lú akọni kan tó yàn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ibùdó tirẹ̀ ní ìkángun ilẹ̀ náà, ọ̀nà mẹ́ta ló sì so ibùdó méjèèjì pọ̀: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan láàárín. Ilé ìṣọ́ wà lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, igbó tí ẹranko wà nínú rẹ̀ sì wà láàárín àwọn ọ̀nà náà. Láti ibùdó ni àwọn ọmọ ogun kéékèèké ti máa ń jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọn kì í dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Akọni tó bá pa wọ́n yóò rí wúrà àti ìrírí gbà. Wúrà ló fi ń ra ohun ìjà, ìrírí ló ń gbé e láti ipò kan dé òmíràn. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ wó ibùdó èkejì ló borí. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìdíje kan máa ń gbà lórí fóònù, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló wá dé tí ọ̀nà àárín fi yàtọ̀? Òun ló kúrú jù. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ti máa ń tètè pàdé, ẹni tó bá wà níbẹ̀ sì lè sá padà sábẹ́ ilé ìṣọ́ rẹ̀ láìpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló sún mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ dọ́gba-dọ́gba, ó lè yà síhìn-ín, ó lè yà sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n igbó wà lọ́tùn-ún rẹ̀, igbó wà lósì rẹ̀, ọ̀tá sì lè yọ sí i láti inú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Oṣó ni wọ́n sábà máa ń fi síbẹ̀, akọni tí ọfọ̀ rẹ̀ gbóná ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ kò gba ìyà. Bí jagunjagun méjì bá ká a mọ́, ó di òkú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni pé wọ́n rò pé ìpànìyàn ni iṣẹ́ oṣó ọ̀nà àárín. Gbàrà tí eré bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti kọjú sí akọni tó wà lódìkejì, wọ́n ń lé e kiri títí wọ́n fi bọ́ sábẹ́ ilé ìṣọ́ rẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n ta kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni kó tètè pa ọ̀wọ́ ọmọ ogun tó wà níwájú rẹ̀ tán, kí òmíràn tó dé. Àlàfo kékeré tó wà láàárín ọ̀wọ́ kan àti èkejì ni gbogbo ọrọ̀ rẹ̀. Nínú àlàfo yẹn ló ti lè sáré lọ ran ará òkè lọ́wọ́, tàbí kó lọ wo inú igbó bóyá ọ̀tá ba síbẹ̀, kó sì padà kí ọ̀wọ́ tuntun tó dé ilé ìṣọ́ rẹ̀. Bí kò bá tètè pa wọ́n tán, kò lè kúrò. Bó bá sì fi wọ́n sílẹ̀ lọ, wúrà rẹ̀ ń ṣòfò, ilé ìṣọ́ rẹ̀ ń wó.

Ẹni tó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n ta yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì. Ihò méjìlá ló wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀. Ọ̀ta kì í wo ihò tó wà níwájú rẹ̀ nìkan. Ó ti ka èyí tó wà lọ́dọ̀ ẹnìkejì, ó ti mọ ibi tí ọmọ ayò yóò dé bí wọ́n bá gbìn ín. Òpè ló máa ń tẹjú mọ́ ihò kan ṣoṣo. Bákan náà ni oṣó ọ̀nà àárín gbọ́dọ̀ máa ka ọ̀tá. Àwòrán ilẹ̀ kékeré kan wà ní igun ojú fóònù tó ń fi ibi tí kálukú wà hàn, ṣùgbọ́n ọ̀tá tí kò bá sí ẹlẹgbẹ́ ẹni nítòsí rẹ̀ kì í hàn níbẹ̀. Bí ó bá ka márùn-ún tó rí mẹ́ta, kó yáa fẹsẹ̀ fẹ́ẹ sẹ́yìn, nítorí àwọn méjì tí kò rí yẹn lè ti wà nínú igbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó tún gbọ́dọ̀ máa ka àsìkò. Ọfọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìsinmi tirẹ̀ kí wọ́n tó lè tún un pè. Èyí tí wọ́n ń pè ní Flicker, tó máa ń gbé akọni fò kúrò nínú ewu, lè sinmi tó nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Nítorí náà, bí akọni òdìkejì bá ti lo tirẹ̀, ọmọ tó gbọ́n yóò fi ọkàn sàmì sí i, yóò sì sọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ẹni yẹn kò ní ibi tí yóò sá sí báyìí. Ipò kẹrin ni ọfọ̀ tó lágbára jù máa ń ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ láàárín ló máa kọ́kọ́ lè dá sí ìjà àwọn ẹlòmíràn. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì tí eré bẹ̀rẹ̀ ni Ìjàpá ńlá kan máa ń jáde (àní Ìjàpá náà ni, kò sí ibi tí baba ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kì í dé), ẹgbẹ́ tó bá pa á ni gbogbo rẹ̀ yóò pín wúrà àti ìrírí. Oṣó tó jẹ́ pé ẹnì kan ló ń lé kiri lákòókò yẹn ti ja ẹgbẹ́ rẹ̀ kulẹ̀.

Ipò yìí ti sọ àwọn kan di ọlọ́lá. Syed Sumail Hassan, ọmọ Karachi ní orílẹ̀-èdè Pakistan, ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé kó lè rí owó san fún wákàtí púpọ̀ sí i níbi tí wọ́n ti ń háyà kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 2015, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún péré ni, òun ló sì wà ní ọ̀nà àárín fún ẹgbẹ́ Evil Geniuses tó gba ife ẹ̀yẹ Dota 2 tó ga jù lágbàáyé ní ìlú Seattle. Ohun tí wọ́n pín lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀ dọ́là. Ní Kòríà ti Gúúsù, Lee Sang-hyeok tí gbogbo ayé mọ̀ sí Faker ti gba ife àgbáyé League of Legends lẹ́ẹ̀mẹfà, ti ọdún 2013, 2015, 2016, 2023, 2024 àti 2025, ọ̀nà àárín kan náà ló sì wà láti ìgbà yìí wá. Kí òbí má tìtorí èyí rán ọmọ kúrò ní ilé ìwé o. Àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ kò pọ̀ rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta á.

Ohun tó dojú kọ ọmọ Àwóyè yàtọ̀ sí ti ọmọ Kòríà. Ọ̀rọ̀ jíjìnnà ni. Kì í ṣe inú fóònù ni ìjà náà ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an, inú ẹ̀rọ ńlá kan níbòmíràn ni. Bí ẹ̀rọ náà bá wà ní Yúróòpù, gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fọwọ́ kan fóònù, iṣẹ́ tó rán gbọ́dọ̀ gba orí òpó fóònù dé Èkó, kó wọ inú okùn tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun, kí èsì sì tún gba ibẹ̀ padà. Okùn MainOne tó wọ Èkó láti Portugal ní ọdún 2010 gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Nínú irú okùn bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí a bá ṣírò rẹ̀, àlọ àti àbọ̀ yóò gba 70 nínú ẹgbẹ̀rún ìdá ìṣẹ́jú àáyá, láì tíì ka ìdádúró láàárín Èkó àti etíkun Ìlàjẹ mọ́ ọn. Kò sí ọgbọ́n tí ilé iṣẹ́ fóònù kankan lè dá sí ìyẹn. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn nìyẹn. Ìgbà mìíràn wà tí okùn fúnra rẹ̀ máa ń já. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 já pọ̀ nítòsí Àbíjàn ní orílẹ̀-èdè Ivory Coast, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn dẹnu kọlẹ̀.

Nítorí náà, akọni tí ọmọ Àwóyè yóò yàn ṣe pàtàkì. Àwọn oṣó kan wà tí ọfọ̀ wọn ń fẹ́ ìyára bíi mànàmáná, tí ìdádúró díẹ̀ yóò bà á jẹ́. Kagura jẹ́ ọ̀kan, ó máa ń ju agbòòrùn rẹ̀ síwájú, ó sì gbọ́dọ̀ fò tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń fà fi irú èyí sílẹ̀. Pharsa yóò bá a mu jù: ibi tó jìnnà ló máa ń dúró sí, tí yóò máa rọ̀jò ọfọ̀ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀. Ẹni tó ń lò ó kò nílò láti bá ojú ọ̀tá sáré. Ibi tí ọ̀tá yóò gbà ló yẹ kó mọ̀, kó sì ju ọfọ̀ síbẹ̀ ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí apẹja ṣe ń na àwọ̀n de ẹja tí kò tíì dé. Nana náà dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí pé bí wọ́n bá fẹ́ pa á, ó lè para dà kó sì sá lọ. Iye ìdádúró máa ń hàn lójú fóònù, ó sì ní àwọ̀: bó bá jẹ́ tútù, ó dára, bó bá ti pọ́n, kí ọmọ jókòó sẹ́yìn, kó máa dáàbò bo ilé ìṣọ́ rẹ̀.

Iná ni ìṣòro kejì. Òkun ti lé àwọn ará Àwóyè sẹ́yìn kúrò ní ibi tí baba wọn kọ́lé sí, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kò sì fi rí iná ìjọba lò. Jẹnẹrétọ̀ àti pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ni wọ́n fi ń fún fóònù ní iná. Bí bátìrì bá kú láàárín eré, kì í ṣe ẹni tó ni fóònù nìkan ló pàdánù. Ọ̀nà àárín yóò ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn mẹ́rin tó kù, tí wọ́n lè wà ní Ìbàdàn tàbí ní ìlú òyìnbó, yóò sì máa jà láìní oṣó. Géèmù náà máa ń yọ máàkì ẹni tó bá fi eré sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bó bá sì pọ̀ jù, wọn kò ní jẹ́ kó wọ ìdíje gidi mọ́. Nítorí èyí, àwọn tó mọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ ìdíje tuntun bí bátìrì wọn bá ti lọ sí ìdá kan nínú márùn-ún. Wọ́n á pa fóònù, wọ́n á dúró di ìgbà tí ẹnì kan bá tan jẹnẹrétọ̀ ládùúgbò.