Bíbá Ẹgbẹ́ Ṣeré Orin Láìfòyà

Ẹ̀yin ará, a rí ẹni tí ó lè ta gìtá láìṣì nínú yàrá tí ó ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rẹ́ mẹ́ta bá jókòó ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú gìtá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo, láìsí ìwé orin, láìsí olùdarí, tí wọ́n sì pè é kí ó wá bá wọn ṣeré, ọwọ́ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Èmi pẹ̀lú mọ ìbẹ̀rù náà. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́jì, oṣù mẹ́fà ni mo fi dá kọ́ gìtá. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e dé àárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ọwọ́ mi ṣì ní ẹsẹ kìíní. Mo dúró, mo ní kí a tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dá mi lóhùn. Orin ń lọ. Mo gbé gìtá sílẹ̀, èmi kò sì padà síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tí èmi kò mọ̀ nígbà náà ni ọmọ Àyàn ti mọ̀ láti kékeré. Ẹ wo àwọn onídùndún. Ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, òun ni ó ń ki ènìyàn, òun ni ó sì ń pa ìlù dà. A kì í gbé e kọ́ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ léjìká. Omele ni a ń fún un. Ìró kan náà ni yóò máa lù ní àlùtúnlù, títí ìyáàlù yóò fi yí i padà. Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni. Lórí ìró tí kò yẹ̀ yìí ni ìyáàlù dúró lé tí ó fi lè sọ ohun tí ó wù ú. Bí omele bá yẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyáàlù pàápàá a dàrú. Nítorí náà ọmọ náà ti wúlò fún ẹgbẹ́ kí ó tó di ọ̀gá, níbẹ̀ gan-an ni àyà rẹ̀ sì ti ń le.

Ọmọ onílù a máa fi ẹnu pe ìró náà kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Bí ọwọ́ bá ṣì, a dákẹ́ díẹ̀. Etí a wá omele kejì, nígbà tí ìró náà bá sì yípo dé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ a tún wọlé. Èyí ni èmi ì bá ti ṣe ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìró tí ó ti kọjá kò ṣeé pè padà, kò sì sí ẹni tí ó ń rántí rẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí ó ṣì í.

Bákan náà ni gìtá. Kí ẹni tí ẹ̀rù ń bà bèèrè ohùn tí a ó fi kọrin. Kí ó di ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo mú, kí ó máa ta á bí ẹsẹ̀ àwọn tí ó jókòó ti ń kan ilẹ̀. Kí ó jókòó sí ibi tí yóò ti máa rí ọwọ́ òsì ẹni tí ó ṣáájú. Bí ó bá pẹ́, yóò gbọ́ ibi tí orin ti ń yí.

Irú àjọ bẹ́ẹ̀ ni jùjú ti jáde ní Èkó. Ní Olówógbowó, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò a máa péjọ láti sọ̀rọ̀, láti mu, àti láti ṣeré, Túndé King sì wà láàárín wọn, kí a tó gba ohùn rẹ̀ sí àwo orin ní àwọn ọdún 1930. (Ní ti mímu náà, ẹ̀yin mọ ohun tí èmi yóò sọ.) Gìtá, jùjú àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣeré.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n, mo ní ẹ̀sùn kan sí yín: ojú tí ẹ fi ń wo ẹni tí ó ṣì ń lé ènìyàn lọ ju àṣìṣe rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnìkan tí ó jù mí lọ na ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí mi láìsọ ohunkóhun. Mo mì í títí agogo àtisùn fi lù. Ó di oṣù kejì kí n tó tún ta gìtá láàárín wọn, ohùn ìsàlẹ̀ kan péré.